Fọ́tò ìbejì nígbà tí ọ̀kan ṣoṣo ló kù: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti orí bẹ́ńṣì dé inú férémù

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyí: fọ́tò kan, íǹṣì 12 × 16, tí Táyé àti Kẹ́hìndé máa jókòó sí lórí bẹ́ńṣì kan náà, kí ọwọ́ ọ̀kan wà lórí ọwọ́ èkejì. Táyé ti pé ọmọ ọdún méje. Kẹ́hìndé ti padà láti ìkókó, kò sì sí fọ́tò kankan tó fi ojú rẹ̀ hàn dáadáa. Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá wọn, ló ní irú èyí tí wọ́n máa ń yà nígbà tí òun wà lọ́mọge lòun fẹ́. Ìyá Ìbejì gbà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Ìbàdàn.

Ohun tí Màmá àgbà ń sọ kì í ṣe àlá. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n máa ń gbẹ́ ère fún un, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fi osùn pa á lára, wọ́n á máa wọṣọ fún un. Nígbà tí fọ́tò dé, tí ọ̀pọ̀ ilé sì ti di ilé Mùsùlùmí tàbí ilé onígbàgbọ́, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ère nínú àwọn ilé kan. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó wá wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó ní wọ́n á ya èyí tó wà láàyè, wọ́n á tẹ fíìmù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan kó lè dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn, wọ́n á sì sapá kí ojú má rí ìlà tó wà láàárín. Bó bá jẹ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni ìbejì náà, wọ́n á ya èyí tó kù nínú aṣọ ọkùnrin, wọ́n á tún yà á nínú aṣọ obìnrin.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò mọ èyí dáadáa, nítorí mo ti gbọ́ ọ tó pé ìgbà tí Photoshop, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe lórí kọ̀ǹpútà, dé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àwòrán mọ́ àwòrán. Ọdún 1990 ni Photoshop jáde. Àwọn ọ̀gá wa ti ń ṣe é nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò, tipẹ́tipẹ́ kó tó dé, wọn ò sì fi tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo ará ilé ló mọ ẹni tó wà láyé àti ẹni tí kò sí. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n rí àwọn méjèèjì ni, onífọ́tò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ohun tí mo lò: kámẹ́rà Canon 600D, lẹ́ńsì mílímítà 18–55 tó bá a wá, tíráípọ́dù, iná LED méjì tó ń lo bátìrì, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan láti fi bo iná, téèpù dúdú, ṣọ́ọ̀kì, téèpù ìdíwọ̀n àwọn télọ̀, píìnì, bẹ́ńṣì onígi tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, àti láptọ́ọ̀pù tí darktable àti GIMP 2.10 wà lórí rẹ̀. Sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe ni méjèèjì, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ẹ má tìtorí irú iṣẹ́ yìí ra ayédèrú, fáírọ́ọ̀sì ló máa ń bá a wọlé.

1. Wíwo ti àtijọ́

Màmá àgbà mú fọ́tò ìbejì kan wá láti inú àpótí rẹ̀, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dúdú àti funfun, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí. Mo gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ọmọkùnrin méjì, ọwọ́ lórí orúnkún, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, ojú wọn kọ kámẹ́rà gan-an. Bọ́tìnnì kejì lára ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ apá òsì kò wọlé tán, ó dá sí ojú ihò. Bọ́tìnnì kejì lára ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ apá ọ̀tún náà dá sí ojú ihò, ní ibi kan náà gẹ́lẹ́. Fíìmù kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Láàárín wọn, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti òkè kọ́tìnnì wálẹ̀ dé ilẹ̀. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Onífọ́tò á bo ìdajì bébà nígbà tó bá ń tẹ ọmọ àkọ́kọ́, á wá bo ìdajì kejì nígbà tó bá ń tẹ èkejì. Bí ìbòrí méjèèjì kò bá pàdé lójú ibì kan náà, tí ìmọ́lẹ̀ sì bá ojú bébà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ á dúdú ju ibi tó kù lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ rárá, ìlà funfun ni wọ́n á rí. Bó bá jẹ́ inú kámẹ́rà ló ti fi páálí bo ìdajì lẹ́ńsì, ìdàkejì ló máa jẹ́: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá lẹ́ẹ̀mejì lórí fíìmù á funfun lórí bébà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé á dúdú. Ẹni tó ṣe ti Màmá àgbà ti fi pẹ́ńsù tọ́ ìlà náà sí lára kọ́tìnnì, débi pé èèyàn ní láti wá a kó tó rí i. Ibi tí wọ́n ti ń mọ̀ ni etí bẹ́ńṣì, tó ga díẹ̀ ní apá kan ju apá kejì lọ.

2. Páálí lójú lẹ́ńsì

Kí n tó gbé kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà àtijọ́ lè bá mi dé. Mo gé páálí dúdú, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú lẹ́ńsì kó bo ìdajì, mo ya ọmọ iṣẹ́ mi ní apá òsì, mo yí páálí padà, mo yà á ní apá ọ̀tún, mo wá pa àwòrán méjèèjì pọ̀.

Páálí tó wà nítòsí lẹ́ńsì kì í ní etí mímú nínú àwòrán. Ní f/5.6 (ìwọ̀n bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń dínkù díẹ̀díẹ̀ gbà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lórí bẹ́ńṣì. Mo tì í sí f/16, tí ihò náà kéré sí i, ó sún kì dé nǹkan bíi 11. Ohunkóhun tó bá bọ́ sí agbègbè yẹn ló ń dà bí èéfín: ẹ máa rí kọ́tìnnì láti inú apá ọmọ. Ó sì ṣàlàyé nǹkan kan fún mi, ìyẹn ìdí tí àwọn ọmọ inú fọ́tò Màmá àgbà fi jókòó jìnnà síra bẹ́ẹ̀, tí ọwọ́ kálukú wà lórí orúnkún tirẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò gbà kí wọ́n fọwọ́ kanra. Ọwọ́ lórí ọwọ́ sì ni iṣẹ́ tèmi, nítorí náà mo gbé páálí sílẹ̀.

3. Yíyí àwòrán kan padà

Ọ̀nà yìí ló yá jù, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń ṣe é: ya ọmọ lẹ́ẹ̀kan, yí àwòrán rẹ̀ padà bíi ti inú dígí, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èkíní. Mo fi àwòrán Táyé kan tí mo fi dán iná wò ṣe é, mo sì fi han Màmá àgbà lórí fóònù. Kò tíì wò ó pẹ́ tó fi sọ pé, "Táyé kan náà lo gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yìí."

Òótọ́ ló sọ, ẹ̀rí rẹ̀ sì pọ̀ lára àwòrán náà. Etí ìró tí wọ́n fi bọ ẹ̀gbẹ́ òsì ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ìlà irun tó dà sápá kan ti dà sápá kejì. Iná tó ń dán nínú ẹyinjú ọmọ kan wà lápá òsì, ti èkejì wà lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ iná kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá. Èyí tó burú jù ni ẹ̀rín. Ẹ̀rín kan náà, igun ẹnu kan náà, ní ojú méjì. Àwọn ìbejì tó wà láàyè tí mo ti yà kì í rẹ́rìn-ín lọ́nà kan náà láéláé. Láti ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀, kí a ya ìṣẹ́jú tirẹ̀ sọ́tọ̀.

4. Yàrá

Gbogbo ohun tó bá yẹ kó dúró níbì kan, ẹ so ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà máa ṣe á dínkù sí ìdajì.

Mo gbé kámẹ́rà sí mítà 3.1 sí bẹ́ńṣì, mo yí lẹ́ńsì sí mílímítà 35, mo fi téèpù dè é kó má yí mọ́. Ní ìwọ̀n yìí, àwòrán ń kó nǹkan bíi mítà 1.3 ní gíga àti mítà 2 ní fífẹ̀, ó sì tó fún orí títí dé ẹsẹ̀ ọmọ méjì tó jókòó. Gíga kámẹ́rà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 95, ojú Táyé gan-an nígbà tó bá jókòó. Ẹ má ṣe ya ọmọ láti òkè bí ẹni ń wo ilẹ̀. Àwọn ọ̀gá àtijọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀, iyì ọmọ náà wà níbẹ̀.

Fókọ́ọ̀sì: mo wò ó lórí skírìnì ní ìlọ́po mẹ́wàá, mo wá ti bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì sí MF, kí lẹ́ńsì má bàa yí fókọ́ọ̀sì padà fúnra rẹ̀. Mo pa èyí tó ń dín ìgbọ̀n kù, nítorí kò wúlò lórí tíráípọ́dù, ó tiẹ̀ lè sún àwòrán díẹ̀. Ipò M ni mo lò, níbi tí èmi fúnra mi ti ń yan ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀: ISO 800, f/5.6, 1/125. Mi ò jẹ́ kí kámẹ́rà yan àwọ̀ fúnra rẹ̀: mo fi bébà funfun ṣe àwọ̀ kan pàtó fún iná náà, mo sì ń ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe.

Ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi téèpù yí wọn ká lórí ilẹ̀. Aṣọ òkè tí mo tẹ́ sórí bẹ́ńṣì, píìnì ni mo fi kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ igi, nítorí bí ọmọ bá dìde tó tún jókòó, aṣọ tí a kò kàn á ká jọ síbòmíràn, ìṣẹ́po rẹ̀ kò sì ní bá ti àwòrán èkíní mu mọ́. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lórí aṣọ bẹ́ńṣì, ní ibi tí ọwọ́ méjèèjì á ti pàdé, mo gún píìnì kékeré kan tí mo mọ̀ pé ọwọ́ máa bò.

5. Ìjókòó

Ibí ni iṣẹ́ wà. Mo ti pinnu pé ọwọ́ Táyé ló máa wà lókè, nítorí òun ló wà láàyè. Màmá àgbà ní rárá o: "Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ló ń bo ti àbúrò." Mo yí gbogbo ètò padà. Táyé bọ́ sí apá òsì àwòrán, Kẹ́hìndé sí apá ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún Kẹ́hìndé lórí ọwọ́ òsì Táyé.

Bí ọmọ kan bá dá jókòó, ohun méjì ló máa sọnù: òjìji ẹni tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa dì mú. Ọwọ́ tí kò bá dì nǹkan kan mú máa ń hàn gbangba. Ìka á le, ọrùn ọwọ́ á sì gbé sókè. Mo ní kí Ìyá Ìbejì mú ọmọ kan tí gíga rẹ̀ sún mọ́ ti Táyé wá. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló mú wá, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọ yẹn á jókòó sí ipò ẹnì kejì nínú gbogbo àwòrán, tí n óò wá yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà.

Ó wá pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ewé. Nígbà tí mo wo àwòrán àkọ́kọ́ lórí láptọ́ọ̀pù, ewé ti kun apá Táyé láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, nítorí iná bá aṣọ náà ó sì ta padà sára rẹ̀. Irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòroó yọ lára àwọ̀ èèyàn. Ó dára tó jẹ́ pé ìró àti bùbá ankara méjì la rán, ọ̀kan fún Táyé, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé. A wọ èkejì fún ọmọ náà, ohun tó wá ń ta sára Táyé di àwọ̀ ankara tirẹ̀, bó ṣe máa rí bí Kẹ́hìndé bá jókòó níbẹ̀ lóòótọ́.

Iná fèrèsé ni mo kọ́kọ́ lò, nítorí ó rọra ń bá awọ ara. Kùrukùru gba ojú oòrùn láàárín Táyé àti Kẹ́hìndé, àwọ̀ apá kan àwòrán sì tutù, ó fà sí búlúù, ju apá kejì lọ. Bí mo ṣe ń dúró kí ojú ọ̀run là, iná dé lójijì, gílóòbù inú yàrá tàn, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo lára ògiri. Mo gbìyànjú láti tún àwọ̀ ṣe nínú darktable, àwọ̀ gbà, ṣùgbọ́n òjìji kò gbà: òjìji gílóòbù ń wá láti òkè, ti fèrèsé ń wá láti ẹ̀gbẹ́. Àwọ̀ ṣeé tún ṣe, ibi tí òjìji dojú kọ kò ṣeé tún ṣe. Mo ti fèrèsé, mo pa gílóòbù, mo sì fi LED nìkan bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọ̀kan wà lápá òsì, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 180, mo ta aṣọ funfun sí iwájú rẹ̀. Èkejì wà lẹ́yìn kámẹ́rà, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ gan-an, kó kàn lè là sínú òjìji díẹ̀.

Èrò mi ni pé kí Táyé rẹ́rìn-ín nínú àwòrán méjèèjì. Mo ti gbọ́ láti ẹnu ìyá rẹ̀ pé ọmọ náà mọ̀ nípa èkejì rẹ̀, wọn kò fi pa mọ́ fún un, wọ́n máa ń kì wọ́n pọ̀ ní Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn. Mo lóṣòó níwájú rẹ̀, mo bi í pé báwo ni Kẹ́hìndé ṣe máa jókòó. Ó ronú. Ó ní, "Èmi ni mo máa ń rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé á kàn máa wò yín ni." Ó wá gun apá ọ̀tún bẹ́ńṣì, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó pa ẹnu dé, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì wò wá. Mi ò sọ bó ṣe máa ṣe ojú fún un mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ bi ọmọ léèrè ná, kí ẹ sì dá a dúró bí ọmọ bá ní òun ò fẹ́.

Àwòrán mẹ́ta ni mo nílò ní ìkẹyìn. A: Táyé ní òsì, ọmọ kejì ní ọ̀tún, ọwọ́ ọmọ náà lórí ọwọ́ Táyé. B: Táyé gẹ́gẹ́ bíi Kẹ́hìndé ní ọ̀tún, ọmọ kejì ní òsì, ọwọ́ Kẹ́hìndé lókè. D: bíi A, ṣùgbọ́n ọmọ kejì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò láì dìde, kí ọwọ́ òsì Táyé lè hàn tán lórí aṣọ bẹ́ńṣì. Láìsí D, ìka ọmọ kejì á máa yọ lábẹ́ ọwọ́ Kẹ́hìndé, nítorí ọwọ́ méjì kì í balẹ̀ sójú ibì kan náà gẹ́lẹ́, píìnì tí mo gún sàmì sí i ni kò tiẹ̀ jẹ́ kó jìnnà jù.

6. Orí láptọ́ọ̀pù

Nínú darktable, mo tún A ṣe díẹ̀, mo da àtúnṣe náà kọ sórí B àti D láì yí ohunkóhun, mo sì gbé wọn jáde ní TIFF oníbíìtì 16. Mo ṣí wọn nínú GIMP gẹ́gẹ́ bíi lẹ́yà, ìyẹn àwòrán tí a tò lé ara wọn: D nísàlẹ̀, A lórí rẹ̀, B lókè pátápátá.

Ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ yí Mode lẹ́yà òkè, ìyẹn bó ṣe ń dàpọ̀ mọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, sí Difference. Ibi tí àwòrán méjèèjì bá ti bára mu á di dúdú. Ibi tí wọn kò bá ti bára mu á máa tàn. Èèyàn yẹ kó tàn, nítorí wọn kì í ṣe ẹnì kan náà, ṣùgbọ́n ògiri, kọ́tìnnì àti bẹ́ńṣì yẹ kó dúdú. Etí bẹ́ńṣì tèmi tàn bí okùn fẹ́lẹ́. Ilẹ̀ pákó ni, ó tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo rìn gba ẹ̀gbẹ́ tíráípọ́dù kọjá. Mo fi àmì ọfà kíbọ́ọ̀dù sún B sókè ní píksẹ́lì 4, etí náà sì dúdú. Mo dá Mode padà sí Normal.

Mo fi Layer Mask dúdú, ìyẹn ìbòrí lẹ́yà, sára B, kí ó lè pa mọ́ tán, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun ṣí Kẹ́hìndé sílẹ̀. Ní ara kọ́tìnnì àti ògiri, búrọ́ọ̀ṣì ńlá, 400, etí rẹ̀ rọ̀. Láàárín ìró àwọn méjèèjì, àlàfo tó tó ìwọ̀n ìka mẹ́ta wà tí aṣọ bẹ́ńṣì nìkan hàn níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo gba gé e kọjá, mi ò gé e gba orí ankara rárá. Ní ibi ọwọ́, mo sún àwòrán mọ́ra dé ìlọ́po mẹ́rin, búrọ́ọ̀ṣì 12, etí rẹ̀ le díẹ̀, mo ń tẹ̀lé ìka lọ́kọ̀ọ̀kan láti èékánná dé oríkèé. Lábẹ́ rẹ̀, mo fi Mask mìíràn pa ọwọ́ A rẹ́ kí ọwọ́ D lè hàn.

Nígbà tó parí, ọwọ́ Kẹ́hìndé wà lórí ọwọ́ Táyé, kò sì bà á. Ó ń léfòó. Ohun tó sọnù ni òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà ní ibi tí awọ bá ti kan awọ. Mo dá lẹ́yà tuntun sáàárín méjèèjì, mo yí Mode rẹ̀ sí Multiply, tó ń mú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dúdú sí i, mo fi dúdú kùn ún. Ó dà bí ẹ̀gbin lára ọwọ́. Mo pa á rẹ́, mo mú àwọ̀ láti inú òjìji tó wà láàárín ìka Táyé fúnra rẹ̀, tó jẹ́ àwọ̀ igi tó pọ́n díẹ̀, mo sì kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ní Opacity 10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ara wọn, kó dúdú jù ní ibi tí wọ́n ti kanra, kó sì máa ṣá bó ṣe ń jáde. Ọwọ́ náà jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjìji tó, kó tan lẹ́yà náà kó tún pa á. Bí ojú bá ń fò síbẹ̀, ó ti pọ̀ jù.

Ẹ̀fọn ti jẹ Táyé lápá òsì kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó wú pupa. Ó hàn lára Táyé, ó sì hàn lára Kẹ́hìndé, níbì kan náà. Mo fi Heal, irinṣẹ́ GIMP tó ń fi awọ ẹ̀gbẹ́ dí àbùkù, yọ ti Kẹ́hìndé. Ti Táyé, mo fi sílẹ̀, nítorí òun ni ẹ̀fọn jẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mi ò fọwọ́ kan awọ ẹnikẹ́ni. Àṣà fífọ ojú ọmọ funfun, kí gbogbo awọ dán bí ike, tó gba ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kan báyìí, mi ò gbà á, pàápàá nínú fọ́tò tí ìyá àgbà fẹ́ fi rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ dúdú ni wọ́n bí, dúdú ló máa jẹ́ nínú férémù.

Irun, yẹtí, ojú: mo wo ẹyinjú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iná wà lápá òsì nínú gbogbo wọn. Yẹtí góòlù kékeré wà létí Táyé; Kẹ́hìndé wọ iyùn ẹyọ kan lọ́rùn, Màmá àgbà ló ní kó wà níbẹ̀ kí wọ́n lè máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

7. Títẹ̀ àti owó

Mo gé e sí 4608 × 3456 píksẹ́lì, èyí tó jẹ́ 288 lórí íǹṣì kan fún 12 × 16, mo sì gbé e jáde ní JPEG, sRGB, ìwọ̀n dídára 95. Mo tẹ 5 × 7 kan fún ìdánwò ná. Ó dúdú, skírìnì láptọ́ọ̀pù mi ló mọ́lẹ̀ ju bébà lọ. Mo gbé àárín Levels dé 1.15 kí àwòrán lè mọ́lẹ̀ sí i, mo dín ìmọ́lẹ̀ skírìnì kù sí ìdajì, mo tún ìdánwò tẹ̀, ó sì jọ ohun tí mo rí nínú yàrá. Ìgbà yẹn ni mo tó tẹ ńlá.

Owó tó jáde: ankara ₦9,000, télọ̀ fún ìró àti bùbá méjì ₦8,000, títẹ̀ ìdánwò ₦1,600, 12 × 16 orí bébà tí kì í dán ₦6,500, férémù onídígí ₦14,000, ọkọ̀ ₦3,500, ìpanu fún àwọn ọmọ méjèèjì ₦2,000. Àpapọ̀ ₦44,600. Owó iṣẹ́ mi kò sí nínú rẹ̀. Férémù àti ankara ló gbé èyí tó pọ̀ jù, nítorí náà, bí owó bá há, ẹ wá férémù tó dínwó, kí ẹ má sì fọwọ́ kan aṣọ méjì yẹn.

Lẹ́yìn fọ́tò, mo fi bírò tí kì í parẹ́ kọ ọ́ pé Táyé ni a yà ní ipò méjèèjì, pé a so àwòrán mẹ́ta pọ̀, pé ìyá rẹ̀ ló gbà á láyè, pẹ̀lú ọjọ́ tí a yà á. Àwọn tó máa bá fọ́tò yìí nínú àpótí lọ́jọ́ iwájú lè má mọ ìtàn rẹ̀. Fáìlì XCF ti GIMP pẹ̀lú gbogbo lẹ́yà rẹ̀ àti RAW mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí flash méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì.

Nǹkan kan kù tí mi ò tíì yanjú. Nítorí pé iná ti apá òsì wá, tí òjìji Táyé sì bọ́ sórí èjìká Kẹ́hìndé, ojú Kẹ́hìndé ṣókùnkùn díẹ̀ ju ti Táyé lọ. Lórí bébà ńlá ó dára, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí lórí WhatsApp, àwòrán ti sún kì, òjìji náà sì gbé ojú ọmọ mì. Mo ṣe ẹ̀dà mìíràn fún fóònù, píksẹ́lì 1600 ní fífẹ̀, mo fi Curves mú ojú Kẹ́hìndé nìkan mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i lábẹ́ Mask rírọ̀. Ó sàn, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà mìíràn, màá gbé LED kejì sún mọ́ apá ọ̀tún sí i kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà.